Bọ́ọ̀sì Tó Dúró Lẹ́nu Géètì

Ẹ̀gbọ́n mi kì í mutí. Ìdílé ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí wa sí l'Ágége, ìyá wa kì í tilẹ̀ jẹ́ ká kó òfìfo ìgò ọtí wọlé láti fi gba kẹrosínì. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ọtí ló gba iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín làwọn tó mọ̀ wá máa ń kọ́kọ́ rín.

Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan n'Íkẹjà la ti ń ṣiṣẹ́, èmi nídìí ẹ̀rọ, òun nídìí ọkọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́. Ìgbà SAP ni, tí owó náírà ti wálẹ̀, ta ló ń ra ọkọ̀ tuntun? Tòkunbọ̀ lọ̀gá rà, inú wa sì dùn sí i bí ẹni pé tuntun ni. Àwọn mẹkáníìkì wa kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan jáde láìfọ̀ ọ́. Wọ́n á ta ògógóró sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dẹ́rẹ́bà á sì mu èyí tó bá kù nínú ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò mu. Bàbá Ìjẹ̀bú tó jẹ́ olórí wọn kò gbé ìgò náà sílẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹni tí ò bá bá Ògún mu ọtí, kó má bínú bí Ògún bá béèrè nǹkan mìíràn. Ṣó o fẹ́ kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ dànù ni?"

Àgbà ló sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì dúró, à ń wò. Ó mu ún. Ẹni tí ọtí ò mọ́ lára, ìwọ̀nba ló ń pa á. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tó ń gbé e lọ ra epo. Nítòsí ibi tí rélùwéè ti gba orí títì kọjá l'Ágége, ó ki imú ọkọ̀ bọ gọ́tà. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, àmọ́ àwọn agbófinró gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀.

Ìgbà ológun ni, ìjọba sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún ìyà ẹni tó bá mutí wakọ̀. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á san owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ á tán. Kóòtù gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá rí i nídìí ọkọ̀ kí ọdún náà tó pé, ẹ̀wọ̀n ni. Mo fara mọ́ òfin yẹn títí dòní. Mo ti rí òkú àwọn tí ọ̀mùtí fi ọkọ̀ pa lójú títì wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ fún àgbà pé rárá ńkọ́?

Ọ̀gá ṣàánú rẹ̀, ó fi í ṣọ́ géètì. Bí ọdún bá pé láìsí ẹjọ́ mìíràn, á padà sídìí ọkọ̀. Kò wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́, ó ní òun ò lè jókòó sẹ́yìn. A jọ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ni, á sì máa ráhùn pé dẹ́rẹ́bà tuntun ń ba jíà jẹ́.

Oṣù díẹ̀ ló kù kí ọdún pé nígbà tí ẹ̀rọ fa ọwọ́ ọ̀tún mi wọnú. Ọ̀sán gangan ni. Epo wọ́n, dẹ́rẹ́bà tuntun ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò nílé epo. Bọ́ọ̀sì wà lẹ́nu géètì, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, epo tó máa gbé wa dé ọsíbítù sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ iṣẹ́ di ọwọ́ mi, wọ́n gbé mi jáde.

"Bọ̀dá, ẹ wakọ̀ o!" làwọn obìnrin ń pariwo. "Ta ló máa béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín?"

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Mo rí i tó di sítíárì mú. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

"Gun ẹ̀yìn mi."

Ó pọ̀n mí, èmi ọlọ́mọ méjì, ó sì ń sáré. Ó ń gbàdúrà, ó ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ mi ń ṣàn sí i láyà. Takisí kan ò sí lójú títì, àwọn náà ti lọ tò fún epo. Nígbà tí a dé ọsíbítù, dókítà wo ìka mi méjì tó fọ́, ó ní ká ní a tètè dé ni, bóyá ọ̀kan ì bá ṣe é tọ́jú. Méjèèjì ló gé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, ó gbọ́.

"Ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò bá ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́," ni Bàbá Ìjẹ̀bú ń wí, ó ń sọ kiri pé Ògún ló béèrè ìka mi. Inú bí mi. Ṣebí ẹ̀gbọ́n mi bá Ògún mu ọtí náà?

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi wí rí. Bí wọ́n bá mú un, ta ni ì bá bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀? Síbẹ̀ ó máa ń dùn mí, pàápàá tí mo bá ń wé gèlè.

Ọdún pé, wọ́n dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà. Ọ̀gá ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó dúpẹ́, ó ní géètì ti mọ́ òun lára. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń wọlé, á sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kò wo ọwọ́ náà rí.