Sányán Inú Àpótí Ìkejì

Oríṣiríṣi ènìyàn ni mo ti gbèjà ní kóòtù Májísíréètì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti gbèjà ẹni tí wọ́n bá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ní yàrá rẹ̀, tó ní òun kàn ń bá a ṣọ́ ọ ni. Mo ti gbèjà ẹni tí ewúrẹ́ dédé tẹ̀ lé dé ọjà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹni tó fún mi ní wàhálà jù ni ìyá arúgbó kan tí kò jalè rárá. Olè máa ń bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè purọ́ o, ṣùgbọ́n á ṣáà sọ̀rọ̀. Ìyá yìí ò sọ nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n fi kàn án ni pé ó wọ ilé onílé, ó sì jí aṣọ sányán kan gbé. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe ara wọn: Ìkejì. Ọ̀rẹ́ yìí ló ṣàìsàn, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dé láti Èkó, ó rí i pé òrùlé ilé ń jò, ó ní òun máa tún un ṣe kí ìyá òun tó padà sílé. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ilé mọ́. Ó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ nínú àwọn ẹrù tó ti gbó, ó ń dáná sun ìyókù lẹ́yìnkùlé. Èéfín iná yẹn ò tíì rọlẹ̀ tó fi bá oníbàárà mi ní yàrá ìyá rẹ̀. Àpótí ti wà ní ṣíṣí, sányán sì wà lábíyá ìyá arúgbó.

"Màámi, kí lẹ ń wá níbí?"

"Nǹkan mi ni mo wá mú."

"Nǹkan yín, nínú àpótí ìyá mi? Ta ló fún yín ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ìyá rẹ ni."

"Kí wá ni nǹkan yín ń ṣe nínú àpótí wọn?"

Ìyá panu mọ́. Kò sì là á mọ́ títí wọ́n fi dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ náà ò lè lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè, torí dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ sọ ohun tó máa dà á láàmú fún un.

Mo gba béèlì oníbàárà mi, mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé lọ́nà Ìjagun. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Lọ́yà, ọmọ mi, ṣé wọn ò tíì sun aṣọ yẹn?"

Mo ní ó wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pé ẹ̀rí ni. Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé wọ́n á ká a dáadáa?"

"Ìyá, tẹ́ ẹ bá ń ṣe bí ẹni tí agbọ́n ta lẹ́nu báyìí, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa jù yín sí o. Wọn kì í sì í se ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀."

"Wọ́n á se ẹ̀wà," ló dá mi lóhùn. "Mo fẹ́ràn ẹ̀wà."

Bá a ṣe wọlé, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. Ó fa àpótí tirẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń tẹ ohun kan tí wọ́n fi àpò ìrọ̀rí wé wò.

"Ta ló ni ìyẹn?" mo bi í.

"Ìkejì."

"Háà! Ẹ tún ti jí ìyẹn náà?"

Ẹ̀rín gbé e, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rín yẹn ló ṣí i lẹ́nu. Ó ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré la wà nílé, ó sì rọra sọ ọ́ fún mi. Aṣọ ìkẹyìn wọn ni. Kálukú ra èyí tí wọn yóò fi sin ín, ó sì gbé e fún ìkejì rẹ̀ kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

"Ta ní í tọ́jú aṣọ òkú ara rẹ̀? Ọdún á dé, o ò ní rí aṣọ tuntun wọ̀, wàá ní kó o kúkú wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ ńkọ́? Ọmọ á tà á. Ìkejì mi ló mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí wọ́n wé gèlè bò mí létí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ nípa mi."

Inú mi dùn débi pé mo fò dìde. "Ìyá, ẹjọ́ ti parí! Òfin ní ẹni tó mú ohun tó dá a lójú tọkàntọkàn pé tòun ni, kò jalè. Màá gbé aṣọ méjèèjì síwájú adájọ́..."

"O ò ní sọ ọ́."

"Ìyá?"

"Ìkejì mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìwọ fẹ́ dìde ní kóòtù máa pariwo aṣọ òkú? Láàárín tiwa, ẹni tó bá lọ gba aṣọ rẹ̀ padà, ó ti sọ fún ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀ pé onítọ̀hún ò ní pẹ́ kú. Iná ọmọ yẹn ni mo sá fún, ṣùgbọ́n tí Ìkejì bá gbọ́, á rò pé mo ti sọ ìrètí nù lórí òun ni."

"Ẹ̀wọ̀n wá ńkọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n máa ń tán."

Ohun tí oníbàárà bá ní kí lọ́yà má sọ, kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Mo wá di ẹni tó gbé oúnjẹ dání tí ebi ń pa. Mo lọ bá ọmọ náà lójúlé tó ń tún ṣe.

"Lọ́yà, kì í ṣe aṣọ ló ń dùn mí," ló wí. "Ọwọ́ màmá yẹn ni mo ti jẹun dàgbà. Tí wọ́n bá ní kí n fún àwọn, ṣé n ò ní fún wọn ni?"

"Ìyá yín ò béèrè wọn?"

Ó wo òkè òrùlé. "Ojoojúmọ́. Mo ní wọ́n lọ kí àwọn ẹbí wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kàn jẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn, níṣojú wa. Oníbàárà mi ní kí n má sọ̀rọ̀, kò ní kí n má tọrọ àbẹ̀wò. Inú irú àlàfo tóóró bẹ́ẹ̀ ni àwa lọ́yà ti ń jẹun.

Nígbà tá a dé ọsibítù, oníbàárà mi jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Aláìsàn wò ó títí.

"Ìkejì, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ńkọ́?"

"Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kẹ̀?"

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo fáànù. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Irọ́ lo ń pa fún mi. Kí lò ń ṣe nílé mi?"

"Mò ń tún òrùlé ṣe ni, Màámi. Mo sì ń palẹ̀ mọ́ díẹ̀."

"O ń palẹ̀ mọ́?" Aláìsàn fẹ́ dìde, okùn omi tí wọ́n fà sí i lára fà á padà. "Ìkejì! Nǹkan rẹ! Ṣé o ti lọ gbé e? Kí ni mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ fún?"

Omijé bọ́ lójú oníbàárà mi. "Mo lọ. Mo ní tó o bá gbọ́, wàá rò pé..."

"Kí ni n ó rò? Pé o fẹ́ kú ṣáájú mi? Ìwọ tó o máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Nǹkan wo, Màámi?" ọmọ béèrè.

"Aṣọ tí wọn yóò fi sin Ìkejì ni. Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Tó o bá ń wálé ni, o ò bá ti mọ̀."

Ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Oníbàárà mi fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ léjìká jẹ́jẹ́. "Dìde, jàre. Ilẹ̀ ọsibítù dọ̀tí."

Nígbà tí kóòtù tún jókòó, ọmọ náà ṣàlàyé pé òun ṣi ìyá mú ni, ọlọ́pàá fa ẹjọ́ wọn sẹ́yìn, adájọ́ sì dá ìyá sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbé sányán wá kò ká a dáadáa. Ìyá tú u palẹ̀ níwájú kóòtù, ó fi apá mi ṣe tábìlì, ó tún un ká.

Mo ní kí n gbé e lọ sílé. Ó ní rárá, ilé Ìkejì la ń lọ. Ọmọ ti kan páànù tuntun tán, ó sì ti dá àpótí padà sí àyè rẹ̀. Òun gan-an ló bá a gbé ìdérí sókè. Ìyá tẹ́ sányán sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

"Kí Ìkejì máa bá mi tọ́jú ẹ̀ lọ. Ó kù díẹ̀ kó dé."

Ó ti àpótí, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó wo ọmọ náà lójú. "N ó máa wọlé o. Má tún lọ pe ọlọ́pàá."

"Ẹ ṣáà máa kanlẹ̀kùn, Màámi."

"Ilé Ìkejì mi?" Ó ti ń jáde lọ. "Kí n kanlẹ̀kùn?"