Kálímà Lórí Fóònù

Òórùn òrí ló máa ń kún yàrá náà. Orí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni mo ti ń yọ́ ọ, kí n tó fi pa ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, torí òtútù Chicago ti mú kí ara wọn gbẹ háúháú. Àdúgbò Albany Park níbẹ̀ là ń gbé láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, lókè ṣọ́ọ̀bù ará Korea kan: àwọn, ọkọ wọn, àti èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà. Dókítà ti ní kò sí ohun tó kù láti ṣe sí jẹjẹrẹ tó ń bá wọn jà, ẹ̀gbọ́n mi sì ní àwọn ò sùn sí ọsibítù mọ́, ilé làwọn ń lọ.

Bùrọ̀dá, ọkọ wọn, máa ń lọ síṣẹ́ ní Aurora, ìlú kan tó jìnnà sí wa. Èmi ni mo ń jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, àmọ́ ikú ò tíì ṣojú mi rí. Bí wọ́n bá sùn, mo máa gbé etí sẹ́nu wọn bóyá wọ́n ṣì ń mí. Bí mo bá wọ ilé ìwẹ̀, mo máa sáré jáde tọṣẹtọṣẹ. Mi ò mọ èyí tí mò ń bẹ̀rù jù: kó ṣẹlẹ̀ lójú mi, tàbí kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, yìnyín ti ń bọ́ láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mímí wọn yí padà: wọ́n á mí kanlẹ̀, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo sáré tẹ nọ́ńbà ibi iṣẹ́ Bùrọ̀dá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún pè padà pé ọlọ́pàá ti ti ọ̀nà pa torí yìnyín. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sí ìyàwó àwọn létí.

Ara ògiri kíṣìnì ni fóònù wà, okùn rẹ̀ ò sì dé yàrá. Mo fà á títí, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò já. Ni mo bá lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ẹ̀gbọ́n mi lajú.

"Kí lò ń ṣe, ìwọ ọmọ yìí?"

"Bùrọ̀dá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, mà."

"Rọra o, kó o má ṣe ẹ̀yìn ẹ léṣe."

Bẹ́ẹ̀dì há sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, àmọ́ okùn náà dé ibẹ̀, mo sì gbé fóònù sí wọn létí. Ìmọ́lẹ̀ yìnyín gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sí wọn lójú. Bùrọ̀dá sọ ohun kan tí mi ò gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí tí àwa Mùsùlùmí ń kà fún ẹni tó ń kú lọ, Bùrọ̀dá ń kà á díẹ̀díẹ̀, ètè ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ lé e. Ojú wọn tó ti le fún ọ̀pọ̀ oṣù rọ̀, mo tún rí ọmọge tó máa ń pọ̀n mí. Wọ́n mí lẹ́ẹ̀kan. Mo retí òmíràn, kò wá.

Bùrọ̀dá ò mọ̀, wọ́n ṣì ń kà á lọ. Mi ò gba fóònù náà kúrò. Èmi náà ń bá wọn kà á. Ariwo ni mo ti rò pé n óò pa, àmọ́ ohùn mi ò tiẹ̀ yẹ̀. Nígbà tí Bùrọ̀dá kà á tán, mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

"Ṣé ó gbọ́ mi?"

"Wọ́n gbọ́ yín, sà."

Mo ti di nọ́ọ̀sì, ikú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣojú mi. Àyà mi ṣì máa ń já. Àmọ́ bí ẹbí kan bá bi mí pé kí làwọn tún lè ṣe, mo máa ń ní kí wọ́n fa àga sún mọ́ ẹni wọn. Ohun tó lẹ́wà jù tí mo rí láyé mi, ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ló ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí irú ẹ̀ fo ẹnikẹ́ni dá.