Bàbá Jẹ́-n-Jókòó Yẹ Kẹ̀kẹ́ Wò

Ọjọ́ tí Bàbá Jẹ́-n-jókòó gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ni àwọn ará àdúgbò ṣì máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Kò gùn ún lọ síbì kankan o. Inú ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́ náà wà, lẹ́bàá gíláàsì iwájú, lórí irin tí wọ́n fi gbé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bàbá jókòó lé e, ó káwọ́ gbera, ó di ojú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀," oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Mo fẹ́ tilẹ̀kùn."

"Ta ló ní kí o má tì í?"

"Orí ọjà mi lẹ wà, sà!"

"Ọjà tí a fẹ́ rà ni mo wà lórí rẹ̀. Láàárọ̀, kò sí ìjókòó tí kì í dáa. Ẹ̀tàn ni. Ó dìrọ̀lẹ́ kí ìdí tó sọ òótọ́ fún èèyàn."

"Kẹ̀kẹ́ ni, Bàbá. Kì í ṣe àga!"

"Ohunkóhun tí mo bá ti fìdí lé, àga ni."

Nọ́ọ̀sì, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá ra kẹ̀kẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì í débi pé ó ń díbọ́n bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń kọjá lọ ti yọjú wọlé, ó sì bi oníkẹ̀kẹ́ bóyá ère bàbá arúgbó tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn náà wà fún títà. "Rárá o," ni ère náà dáhùn láìlajú. Obìnrin náà figbe ta, ó sá lọ, kò sì padà wá mú agboòrùn rẹ̀ di òní.

Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tún àga ṣe: ó ń ki fóòmù àti sípíríǹgì sí i, ó ń fi awọ bò ó. Kò sí ohun tí èèyàn bi í nípa rẹ̀, ìbáà ṣe ilé tuntun, ìbáà ṣe dókítà tuntun, tí kò ní fèsì pé, "Ẹ jẹ́ n jókòó síbẹ̀ ná." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí i, ó wá kí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Ó ti wọ aṣọ tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì ti há gbogbo ohun tó máa sọ sórí. Bàbá fi àga kan hàn án. Bó ṣe jókòó báyìí, Bàbá tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Dìde."

"Sà?"

"Dìde, ọmọ mi. Àga yẹn ń ráhùn."

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti dojú àga náà délẹ̀, ó ti fi ọ̀bẹ la inú rẹ̀, ó sì ń bú ẹni tó ṣe é. Àga ìyókù nílé sì ti kún fún òǹwòran. Ìdúró ni wọ́n ti gba ọmọbìnrin náà ní ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe àwàdà fún nọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wáṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìnnà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti kú, òun pẹ̀lú Bàbá nìkan ló jọ ń gbélé. Ilé ìwòsàn tó wá gbà á wàyí wà lódìkejì igbó, bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ sì ti ṣíwọ́. Títì ọlọ́dà ni ìdajì ọ̀nà náà. Ìdajì tó kù jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín igi. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: "Ọjọ́ Ajé lò ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá pẹ́, má wulẹ̀ wọlé. Àwọn tó ń wá ipò náà pọ̀ níta."

Oníkẹ̀kẹ́ ló mú kẹ̀kẹ́ yìí jáde fún wọn, èyí tó rọjú jù nínú irú rẹ̀. "Ọ̀nà-méjì là ń pè é," ó ní. "Ó ń rin títì, ó sì lè wọ igbó díẹ̀. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni."

Inú bí Bàbá lójú ẹsẹ̀. "Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ìyàwó mi yìí? Ẹni tó ń gbẹ̀bí ìbejì láìlàágùn? Kí sì ni igbó díẹ̀? Ṣé gbòǹgbò igi máa ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn pé ṣé díẹ̀ lo wá wọ̀ ni?"

Síbẹ̀ wọ́n rà á, nítorí kò sí òmíràn tí apá wọn ká. Nígbà tí nọ́ọ̀sì máa jí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, igbe ló gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ wá wò ó o! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kà!" Bàbá ti tú ìjókòó kẹ̀kẹ́ palẹ̀, ó sì na fóòmù inú rẹ̀ sókè bí ẹni tó mú olè. "Kànrìnkàn ni wọ́n kì sínú rẹ̀! Kànrìnkàn ìfọbọ́! Àga ajá gan-an, n kò jẹ́ fi irú èyí sí i!"

Ó wọ yàrá iṣẹ́ lọ, kò sì jáde títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjókòó tó gbé jáde ga bí ìrọ̀rí àlejò pàtàkì. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, awọ pupa wà lórí rẹ̀, bọ́tìnnì wà káàkiri ara rẹ̀. Ó fẹ́ fi ibi ìgbápálé sí i pàápàá, awọ ni kò tó. Nọ́ọ̀sì gorí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì lókè, wọn kò débi tí wọ́n ti ń wa kẹ̀kẹ́.

"Ṣé ó tù ọ́ lára?"

"Ó tù mí lára, sà."

"Ẹn-ẹ́n!"

"Ṣùgbọ́n n kò lè wa kẹ̀kẹ́ náà, sà."

"Ìyẹn lọ́tọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ló bu iyọ̀ sí ojú egbò. Nọ́ọ̀sì tí kì í gbóhùn sókè sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbóhùn sókè. "Bàbá! Ọ̀tunla ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ṣé kí n jókòó pa síbí lórí bọ́tìnnì títí wọ́n á fi fún ẹlòmíràn? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé, ẹ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò dàrú! Ẹ̀yin fúnra yín dà, ṣé ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni?"

Bàbá wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo awọ pupa tó kù nílẹ̀.

"N kò sọ fẹ́nikẹ́ni pé mo mọ̀ ọ́n gùn," ó ní.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Nígbà tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò bá Bàbá, kò bá kẹ̀kẹ́. Ó wá ẹ̀yìnkùlé, ó wá yàrá iṣẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́. Ìjókòó pupa nìkan ló bá lórí tábìlì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún tán nígbà tí Bàbá wọlé lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ó ti dá ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ padà sí ààyè rẹ̀. Fóòmù gidi kan pẹlẹbẹ ló fi rọ́pò kànrìnkàn.

"Fetí sílẹ̀," ó ní, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. "Lórí ọ̀dà, ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò pariwo. Ó wúwo díẹ̀ lórí òkè, má bá a jà. Táyà rẹ̀ fẹ̀ tó láti di ilẹ̀ mú nínú igbó, kò sì fẹ̀ débi tí yóò fi máa fà ọ́ sẹ́yìn ní títì. Gíà rẹ̀ máa ń ronú kó tó gbọ́ràn. Bíréèkì ń han bí omi bá kàn án, ṣùgbọ́n ó ń múlẹ̀. Sípíríǹgì iwájú tí wọ́n ń fi yangàn yìí, ọ̀ṣọ́ lásán ni! Kò gba nǹkan kan mọ́ra! Ìwà ìbàjẹ́ ni! Níbi tí gbòǹgbò ti pọ̀ lẹ́yìn afárá, sọ̀ kalẹ̀, kí o tì í. Ibi yòókù, máa gùn ún lọ."

"Bàbá, ẹ fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ, ẹ tún rìn ín bọ̀?"

"Kẹ̀kẹ́ ló rìn. Èmi kàn tẹ̀ lé e ni."

Òjò rọ̀ ní òru mọ́jú ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì gbéra, bíréèkì ń han, ọkàn rẹ̀ ń lù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn afárá, ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá lórí gbòǹgbò tí omi ti mú kó máa yọ̀. Ìgbà tó dé ilé ìwòsàn, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ géètì nínú àpò ni.

"O tètè dé," ọ̀gá sọ, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Nígbà tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó bá Bàbá létí igbó, lórí àpótí kékeré kan tó gbé láti ilé.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí? Ọmọdé ni mí ni?"

"Ta ló wá nítorí rẹ?" Inú tún ti bí i. "Kẹ̀kẹ́ ni mo wá wò."

Ó sì wò ó lóòótọ́. Ó tẹ táyà, ó fa bíréèkì, ó bú sípíríǹgì iwájú. Ìgbà tó bú u tán ló tó sọ pé, "Káàbọ̀, ìyàwó mi." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà mú, títí tí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù fi ń pè é ní dókítà kẹ̀kẹ́. Inú bí i sí ìyẹn náà. Ó ní dókítà kì í tọ́jú ohun tó ń bú.

Nígbà tí àìsàn dá a dúró sílé, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣe é.

"Táyà ńkọ́?"

"Ó le dáadáa, sà."

"Bíréèkì?"

"Ó ṣì ń han, sà."

"Kò nítìjú."

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, nọ́ọ̀sì wọlé, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kò sì dúró kí ó bèèrè. "Táyà le, sà. Bíréèkì náà..."

"Fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀," Bàbá ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kò sì sí ìbínú kankan nínú rẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Mo wà dáadáa, sà," nọ́ọ̀sì ní. "Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. Ó mi orí díẹ̀, ó sì sùn.

Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó wà ní ibi ìsìnkú tó wà lókè ìlú, ní ìlà tó sún mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ.