Àwòrán Tí Bàbá Mi Ń Ṣọ́

Òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tútù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Albany Park, nílùú òyìnbó. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá mi á tẹ́ aṣọ ìbora sórí tábìlì, á bu omi sẹ́nu, á fẹ́ ẹ fùù sára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ooru á sì gba gbogbo ilé ìdáná. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kíláàsì wa ń lọ sí mùsíọ́mù ńlá kan láàárín ìgboro, ibẹ̀ sì ni Bàbá mi ti ń ṣe gáàdì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láti máa ṣọ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀. Àwòrán kan wà nínú yàrá náà tó fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ará Flanders kan, ní ìhà Belgium, ló yà á ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: oko àlìkámà tí wọ́n ń kórè, màlúù funfun kan létí odò, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré lókèèrè, àti sánmà tó gba ìdajì àwòrán. Àwọn alágbàṣe jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹun. Ọmọ àgbẹ̀ ni Bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sunday, á máa sọ ìtàn àwọn ènìyàn inú àwòrán náà fún wa bí ẹni ń ròyìn ará abúlé rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń jẹun lórí ìdúró yẹn, òun ló loko. Kò fẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun obìnrin tó ru agbọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ní ìwé tí wọ́n lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà sọ pé ìsinmi ni wọ́n ń sinmi, àmọ́ ẹni tó kọ ìwé náà kò roko rí láyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí òun àti Màmá mi, orúnkún méjèèjì á kan ilẹ̀, kì í ṣe kí n kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kò sí pé yìnyín ń bọ́, kò sí pé bọ́ọ̀sì iléèwé ń fun fèrè níta. Mo ṣe é títí ó fi di pé orúnkún mi kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́.

Bí a ṣe wọ yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo rí i tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé ọba ni gáàdì yẹn ni. Miss Carol, tíṣà wa, sáré wá fà mí dìde bí ẹni tí iná fẹ́ jó. Ó rò pé ọkùnrin náà ló pàṣẹ pé kí n kúnlẹ̀ fún òun. Ó wo Bàbá mi látòkè délẹ̀, ó wá bi mí lójú gbogbo wọn pé ṣé mo mọ ọkùnrin yìí.

Mo ní, "No, Miss Carol."

Bàbá mi gbọ́. Ibi tó dúró sí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mi. Ó la ẹnu, ó wo ojú mi, ó pa ẹnu náà dé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sorry, ma." Ọkùnrin tó tó bí Miss Carol lọ́mọ! Tíṣà lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá àwọn gáàdì, Bàbá mi kò sì rojọ́ kankan. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti gbé e lọ sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba kóòtù òtútù lọ́wọ́ àwọn àlejò. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí fèrèsé. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá mi fẹ́ nà mí. Ó ní ilẹ̀ kì í pẹ́ mọ́, òun ń bọ̀ ní iléèwé náà. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ débẹ̀. "Fi ọmọ náà sílẹ̀," ó ní. "Ká ní ó sọ pé bàbá òun ni mí ni, wọn ò ní jẹ́ kó gbádùn ní school yẹn mọ́." Ó bu oúnjẹ mi fún mi fúnra rẹ̀. Inú ń bí mi sí i nítorí ìyẹn títí dòní. Ká ní ó nà mí ni, ǹ bá ti sunkún tán. Inú ń bí mi sí Miss Carol náà, tó rí ọmọ tó ń kí àgbà, tó pè é ní ìyà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ nílùú òyìnbó, ẹ máa ń tù mí nínú pé ọmọdé ni mí nígbà náà, ọmọdé ò mọ nǹkan. Mo máa ń dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, nọ́ọ̀sì sì ni mí ní Joliet. Lóṣù tó kọjá, mo fi mọ́tò gbé Bàbá mi lọ sí mùsíọ́mù yẹn, èmi àti Amira ọmọ mi. Ọ̀pá ni Bàbá mi fi ń rìn báyìí. Nígbà tó rí àwòrán náà, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó sún mọ́ ọn jù, ó ń na ìka sí màlúù funfun náà kó lè fi han Amira. Gáàdì tó wà níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, jágbe mọ́ ọn pé kó sún sẹ́yìn. Ó wá kọjú sí àwa èrò, ó ní ta ló ni bàbá yìí. Gbogbo yàrá yíjú sí wa. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Ojú ń tì mí, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí mi yìí.

Amira ti di ọwọ́ Bàbá mi mú. Ó ní, "That's my grandpa. He used to work here." Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó wá yíjú sí i, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò lámì ohùn sọ fún un pé, "Grandpa, ẹ sún díẹ̀."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Amira. Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé ọmọdé ò mọ nǹkan.