Ilé Tí Kò Ṣọ̀fọ̀

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ jí sílé tuntun ní àdúgbò Fate, ní Ìlọrin. Ọ̀dà, sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ tán, àti pákó ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ní agboolé wa ní Pákátà, èéfín igi ìdáná ló máa ń jí mi, pẹ̀lú ariwo korobá lẹ́nu kànga àti ikọ́ àwọn àgbà tó ń múra ìrun àsùbáà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, n kò gbọ́ ariwo kankan, mo sì rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni. Nígbà tí mo jáde, oòrùn ti yọ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wé gèlè, ó ti lé tìróò. Mo bi í pé ta ló ń retí. Ó ní àwọn tó máa wá kí òun ni.

Kò sẹ́ni tó wá.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó gbé agboolé á mọ ohun tó ń dúró dè. Ní Pákátà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ ilé àti ìyàwó ilé á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kí àwọn àgbà. O kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu kó o tó kí wọn tán. Wọ́n máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, torí òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn ìyàwó ilé ní òfì híhun, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kì í padé lójúmọmọ. Ti ẹnikẹ́ni kì í padé. Bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀ tí ilẹ̀kùn ojúlé kan ṣì wà ní títì, a jẹ́ pé àìsàn wà níbẹ̀, tàbí ohun tó ju àìsàn lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò kànkùn, tí yóò wọlé lọ wò ó. A kì í pe ìyẹn ní àtojúbọ̀.

Páàtì mọ́tò ni bàbá mi ń tà ní àdúgbò Challenge. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló parí ilé Fate yìí, nígbà tí mo wà ní práímárì, ó sì máa ń sọ pé torí ìyá òun lòun ṣe kọ́ ọ. Ó fẹ́ kí ìyá náà sinmi: omi ẹ̀rọ, iná, yàrá tirẹ̀ tó ní ilé ìwẹ̀ nínú. Gbogbo àwọn tó wá ṣàdúà ìṣílé ló ń sọ pé ó ṣe ọmọ. Inú tèmi náà dùn. Ní Pákátà, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi la jọ ń sun orí ẹní kan, ẹsẹ̀ ẹnìkan á wà létí ẹnìkejì. Ní Fate, mo ní bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń na ọwọ́ na ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, kí n kàn lè rí i pé n kò kan ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi á jáde ní kùtùkùtù, ìyá mi á lọ sí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Ọjà Ọba, èmi á lọ sílé ìwé, Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń kù sílé. Ìyá mi á ti gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú kúlà. Nígbà tí mo bá fi máa dé lọ́sàn-án, oúnjẹ náà á ṣì wà bó ṣe wà. Àwo ńlá kan ni àwọn obìnrin máa ń yí ká ní agboolé; Ìyá Àgbà ní ọwọ́ òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá wọnú àwo. Á dúró dè mí. Bí mo bá bu òkèlè kan, òun náà á bu ọ̀kan, bí mo bá sì ti yó, òun náà ti yó nìyẹn. Ìyá mi fẹ́ràn kó máa sọ pé, "Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní." Ìyá Àgbà ní òun ní tòun o, ẹni tí àwọn á jọ jẹ ẹ́ ni kò sí. Ó ń rù. Bàbá mi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un.

Ilé tó kángun sí tiwa ní géètì dúdú kan tí kì í ṣí. Ìyá Àgbà á máa wò ó láti orí àga rẹ̀. Ó bi ìyá mi pé ta ló kú níbẹ̀. Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó kú, bí wọ́n ṣe ń gbé ní Fate nìyẹn. Ìyá Àgbà tún yíjú sí géètì náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá a tó ti múra, ó da ìborùn funfun bo orí. Ó ní kí n tẹ̀lé òun, pé nǹkan ìtìjú ni kí èèyàn máa gbé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kó má lọ kí i.

A lu géètì náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Obìnrin kan tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ló ṣí i díẹ̀, tó yọjú. Kó tó la ẹnu, Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o. Ọlọ́run á dá ẹ̀yìn sí. A ò tètè mọ̀ ni, ẹ má bínú."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó di géètì mú. "Màmá, ta ló kú?"

"Èmi ni mo wá bi yín."

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó kú nílé òun. Ó ní Mínà ni ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ òun wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ìyá Àgbà ní kí ló wá dé tí ilẹ̀kùn fi ń padé lójúmọmọ. Obìnrin náà ní bó ṣe máa ń wà nìyẹn.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tá a ti kó wá, Màmá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin."

Ìyá Àgbà mi orí. "Ọ̀fọ̀ yín mà pẹ́ o."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fara ti géètì. Nígbà tó yá, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà ló ṣì ń rín, torí ó ń fi etí ìró nu ojú. Ó wá ṣí géètì gbayawu, ó ní ká máa bọ̀.

Tíṣà ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, Kìrìsìtẹ́nì. Ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá fún wa, ó sì fẹ́ wọlé padà. Ìyá Àgbà bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní òun á jẹ tó bá yá. Ìyá Àgbà ní kó jókòó. Ó jókòó, ó kọ́kọ́ ń fi ṣíbí jẹ, nígbà tó rí wa tí à ń fọwọ́ jẹ, ó fi ṣíbí sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Ìyá Àgbà tó jẹun yó ní Fate.

Láti ìgbà náà, bí Tíṣà bá ti dé láti ilé ìwé, Ìyá Àgbà á ré kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìrun alásárì bá ká a mọ́bẹ̀, á kí i ní báràǹdà, Tíṣà á yí rédíò sílẹ̀ fún un. Ìyá Àgbà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn Ìgbómìnà a máa gún iyán bí ẹni tó ń bá odó jà. Tíṣà á ní ẹ̀yin ará Ìlọrin kúkú ń kí òkú tí kò kú. Bí wọ́n ṣe máa ń bá ara wọn ṣeré nìyẹn, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan.

Ọ̀rọ̀ òkú tí kò kú náà dé ìsọ̀ bàbá mi ní Challenge. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé àdúgbò wa wá ra páàtì, ó sì sọ lójú àwọn ọlọ́jà yòókù pé, "Alájì, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má tíì wá kí wa nílé o, mo ṣì ń jẹun." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹni tó ń jágbe mọ́ni; ó dé ilé, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó wá ní, "Ìyá, ẹ ń jẹun kiri. Wọ́n á ní mi ò bọ́ yín."

Ìyá Àgbà ní, "Oúnjẹ lo fi ń bọ́ mi, Àkànní. Èèyàn náà wà lára oúnjẹ."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ra àgádágodo sí géètì wa. Ó ní torí àwọn olè ni, ìròyìn olè sì wà lóòótọ́ ní Fate nígbà náà. Ọwọ́ ìyá mi ni kọ́kọ́rọ́ kan wà, wọ́n so èkejì mọ́ mi lọ́rùn, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí mo bá ti wọlé kí n tì í padà. Ìyá Àgbà kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. N kò sì fi lọ̀ ọ́.

Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sí ìdí ògiri tó pààlà ilé méjèèjì. Mo ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tó ń pè é. "Tíṣà, o ti dé?" Ohùn kan dá a lóhùn láti òdìkejì. Mo gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń fà. Láti ibi tí mo wà, Ìyá Àgbà àti búlọ́ọ̀kù nìkan ni mò ń rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí oúnjẹ bá yá, kálukú á gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó wà nínú àwo fún ara wọn. Tíṣà á ṣàdúà tirẹ̀, Ìyá Àgbà á ṣe bísímílà. Á wá ní, "Ó yá, bù ú." Á gbọ́ pé ó ti bù ú, òun náà á bu tirẹ̀. Ìyá mi rí wọn, kò sọ fún bàbá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi tètè dé. Mo ṣí géètì fún un, ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó sì rí ìyá rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń jẹun. Ó dúró pẹ́. Mo rò pé á bínú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ yíjú, ó yára wọ inú ilé lọ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi kan. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó ti géètì wa mọ́.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, ilé ìwé gba ìsinmi, ọkọ Tíṣà sì rí ibi iṣẹ́ kan fún un ní Mínà. Ó wá dágbére. Òun àti Ìyá Àgbà di ara wọn lọ́wọ́ mú. Àwọn tó kó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ajá. Ìyá Àgbà lọ kí wọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan sọ láti ojú fèrèsé pé àwọn ọ̀gá òun ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ padà sí Pákátà.

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ayé á sọ pé òun lé ìyá òun jáde.

"Ilé rẹ dára, Àkànní," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àmọ́ bí mo bá ṣàìsàn níbẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé ó yẹ kóun wá?"

Kó tó lọ, ó bi mí bóyá màá tẹ̀lé òun. Mo ronú kan bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ní ilé ìwé mi jìnnà sí Pákátà. Ó ní òótọ́ ni.

Takisí ló gbé e lọ, àwa náà sì tẹ̀lé e. Ìyá Àgbà kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ tí àwọn ìyàwó ilé ti kúnlẹ̀ yí takisí náà ká. Bàbá mi jókòó ti àwọn ọkùnrin nídìí àwo, ó sì jẹun, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé, títí tí wọ́n fi kí ìrun ìṣáì. Lẹ́yìn náà, ó kó wa padà sí Fate. Ìyá Àgbà lo ọdún mélòó kan sí i. Nígbà tó ṣàìsàn ìkẹyìn, àwọn èèyàn kún yàrá rẹ̀ débi pé àwa tá a ti Fate wá, ẹnu fèrèsé la dúró sí.

N kò kàwé lọ títí. Lẹ́yìn JSS 3, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe, òun náà ni mò ń jẹ títí di òní. Mo gba yàrá kan nílé kan tó ní ayálégbé mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ nọ́ńbà mi. Bí fíríìjì wọn bá ti ń tutù, wọn kì í pè. Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọkùnrin tó wà ní yàrá tó tẹ̀lé tèmi ń wúkọ́. Mo ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń jẹun. Mo mọ ìgbà tó ń le sí i. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, pé bóyá á rò pé mò ń tọpinpin òun. Lọ́jọ́ kan, ikọ́ náà dákẹ́. Onílé ló sọ fún mi pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá gbé e lọ sí Òkè-Òyì. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo ní mo gbọ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ kékeré tó tẹ̀lé Ìyá Àgbà lọ sílé ẹni tí kò mọ̀ rí kò bẹ̀rù nǹkan kan. Òkú tí kò kú ló gbé wọn débẹ̀, ìdí yẹn sì tó wọn. Èmi ti gbọ́n ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kú.

Ẹlòmíràn ti kó sí yàrá náà báyìí. Mo máa ń gbọ́ tó ń fọ àwo, àwo kan àti ṣíbí kan. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ kí i. N kò tíì mọ ohun tí màá sọ pé mo wá ṣe.