Àgbàlá Tí Mo Ń Wò Láti Òkè

Mo rántí òórùn ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná tó máa ń gòkè wá bá mi láràárọ̀, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní àdúgbò Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun tó bí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Fèrèsé ilé ìdáná wọn kọjú sí àgbàlá ilé kejì, níbi tí abiyamọ kan ti máa ń wẹ ọmọ rẹ̀. Inú agbo ilé ni wọ́n bí mi sí, níbi tí a ti ń fi bí èèyàn ṣe ń gbálẹ̀ mọ̀ bóyá inú ń bí i. Mo bá fa àpótí sídìí fèrèsé, mo ń wòran. Mo mọ ìgbà tí ọkọ yóò jáde wá fọ eyín. Mo mọ bí ìyàwó ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, tí yóò tún un tọ́ wò, títí ọbẹ̀ á fi dínkù nínú ìkòkò. Ó dùn mọ́ mi ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ọmọ mi ò fẹ́ ẹ. "Màámi, ilé onílé lẹ ń wò yẹn."

"Èmi kọ́, ojú ni."

"Ẹ sọ fójú kó wá mu ògì."

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ abiyamọ náà dé, ẹlẹgbẹ́ mi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sẹ́nu rẹ̀, ó ń rọ ọ́ lágbo bí wọ́n ṣe rọ àwa náà. Ọmọ ń ké, ó ń ta ẹsẹ̀. Ìyá ọmọ káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró tì wọ́n. Ìyàwó ilé kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Lójijì, ẹsẹ̀ kékeré méjèèjì dákẹ́. Ìyá àgbà ò rí i, igbá àgbo ló ń wò. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé mo ti ń ṣọ́ wọn, ọmọ mi ni yóò sì máa bá wọn pàdé nídìí kànga. Mo tún wo ẹsẹ̀ náà. Kò mì.

"Ìyá ọmọ, gba ọmọ ẹ! Dojú ẹ̀ dé, gbá a lẹ́yìn."

"Ta nìyẹn?" Ìyá àgbà gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti já ọmọ gbà. Ó gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a. Omi àgbo tú jáde nímú, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé irin fèrèsé ti dá àpá sí mi lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà kan ilẹ̀kùn wa. Mo ní ìjà ti dé. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan omi tí a gbé fún un.

"Ẹ máa ń rí wa lójoojúmọ́?"

"Mo máa ń rí yín, ìyá."

"Ẹ ti sọ fún èèyàn?"

"Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí mo ṣe rọ bàbá ẹ̀ náà nìyẹn. Ìyàwó ò jẹ́ kí n gbé e mọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ ìyàwó. Ó ní kí ìyá da àgbo nù ná. Ìyá dà á nù lójú wa, lẹ́yìn náà ni ìyàwó tó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Mo ti padà sí Ọ̀yọ́ báyìí, èmi nìkan ló kù nínú ilé. Ìyàwó kan nílé tó kángun sí tèmi níbí máa ń na ọrùn lórí ògiri wò mí bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà lágbàlá. Ó rò pé n kì í rí òun. Èmi náà á rọra sún àga jáde sí i, kí ọrùn má baà dùn ún.