Fíìmù Tó Ba Ìwé Bàbá Wa Jẹ́

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé mi, ẹ má sì bínú tí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìwé kan ṣe fíìmù. Fíìmù náà dé abúlé wa, tí kò jìnnà sí Akanran, àwọn àgbàlagbà tí kò bá ara wọn jà nítorí ilẹ̀ rí sì fẹ́ pe onífíìmù lẹ́jọ́ nítorí ọmọ inú ìwé. Èmi gan-an ni mo ṣáájú wọn.

Bàbá wa ló ni ìwé náà. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, kò sẹ́ni tó ń lọ sóko mọ́ lágboolé wa lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin á gbé àtẹ ẹ̀gúsí sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa bó o. Bàbá wa á jókòó sórí àpótí, wọ́n á fi awò sójú, wọ́n á ṣí ìwé. Àwọn nìkan ni wọ́n mọ̀wé kà nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìyá Aládùúrà tó ń gbé agboolé kejì náà kì í gbẹ́yìn. Wọ́n á wá tàwọn ti sùtánà funfun, láìwọ bàtà, wọ́n á gbé ẹ̀gúsí tiwọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ìwé náà, ọmọbìnrin méjì tí ìyá wọn rán lọ sódò. Àbúrò wo inú omi, ó rí ìlú kan nísàlẹ̀, tí wọ́n ń ná ọjà ọ̀sán gangan, ló bá wọlé. Ẹ̀gbọ́n tọ̀ ọ́ lọ. Nílùú ìsàlẹ̀ omi, òkèlè kan tí èèyàn bá jẹ, yóò gbàgbé ẹnì kan nílé. Ẹ̀gbọ́n febi pa ara rẹ̀. Kó tó rí àbúrò rẹ̀, àbúrò ti jẹun títí, kò rántí ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi ìyá rẹ̀. Òkèlè kan ló sì kù nínú abọ́.

Níbí yìí ni bàbá wa á ti yọ awò ojú wọn, wọ́n á gbójú sókè sí igi, wọ́n á máa sọ ìyókù. Èmi rò pé wọ́n ti kọ́ ibẹ̀ sórí ni. Ẹ̀gbọ́n á gba òkèlè lọ́wọ́ àbúrò, á pọ̀n ọ́n, á gbé e jáde nínú omi. Wọ́n á bá ìyá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ò ní béèrè nǹkan kan. Yóò kàn ní, “Ẹ wọlé, oúnjẹ yín wà lábẹ́ ọmọrí.” Gbogbo abẹ́ igi á mí kanlẹ̀, ìyá wa á sì ní, “Alhamdulilahi,” bí ẹni pé ọmọ tiwọn ló dé.

Nígbà tó yá, ọmọ tiwọn náà lọ. Àbúrò mi obìnrin gba ọ̀nà aṣálẹ̀, ó ní òun ń lọ sí òkè òkun. Ó pè wá lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀nà, lẹ́yìn náà a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá wa kú láìgbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, tí ìyá wa bá se oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bu díẹ̀ sí abọ́, wọ́n á fi ọmọrí dé e. Ẹni tó bá bá wọn sọ pé kí wọ́n gba kádàrá, ìdáhùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ. “Ẹni tó lọ sísàlẹ̀ omi bọ̀. Bàbá yín kà á sí mi létí.” Mo ti gbìyànjú láti bá wọn jiyàn rí. Ta ló máa bá ìwé jiyàn?

Olódò ni mo ń gbé, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Oníbàárà mi kan ló fi hàn mí lórí fóònù pé wọ́n ti fi ìwé náà ṣe fíìmù. Inú mi dùn bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún. Mo bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó nílé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Akanran, wọ́n bá wa wá fíìmù náà, wọ́n sì wá fi í hàn wá lábúlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Mo fi ìyá wa síwájú pátápátá, Ìyá Aládùúrà jókòó tì wọ́n.

Fíìmù náà dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí ọjà ìsàlẹ̀ omi yọ, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìyá Aládùúrà ò kúkú lè dákẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n yìí ti sanra jù. Ṣé ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ nìyí?” A rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú ìyá wa, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀. Ìgbà tó wá kan òkèlè tó kù, àbúrò gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n ní kó dìde, ìyá àwọn ń retí. Àbúrò wò ó, ó ní, “Ìyá wo?” Ẹ̀gbọ́n nìkan ló jáde nínú omi, ìró tútù ní ìdí, ẹ̀yìn ṣófo. Ni orúkọ àwọn òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

A jókòó, à ń retí. Ẹnì kan ní apá kejì ló kù. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní kò sí apá kejì. Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Ìyá Aládùúrà dìde dúró pẹ̀lú sùtánà. Wọ́n ní, “Àwọn èèyàn yìí ò kàwé náà. Àwọn ọmọ òde òní, wọn ò lè jókòó ka ìwé parí.” Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa kàn bi mí pé, “Ṣé ó ti tán?” Mo ní ó ti tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n se oúnjẹ, abọ́ wà nílẹ̀, wọn ò bu nǹkan kan sí i.

Abọ́ yẹn ló mú inú bí mi. Mo bọ́ sórí Wasáàpù àwọn ọmọ abúlé wa, mo tú ohun tó wà nínú mi jáde. Mo ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Gbogbo wọn gbárùkù tì mí, àwọn àgbàlagbà ní ká pe onífíìmù lẹ́jọ́. Ẹnì kan péré, tó kàwé náà nílé ìwé ní Ìbàdàn, ló ní bí ìwé ṣe parí gan-an ni fíìmù ṣe parí. Mo bú u. Mo ní kó lọ wá awò ojú rà. A wá fẹnu kò pé kí n ka ìparí ìwé bàbá wa sórí fóònù, kí gbogbo ayé gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú ìwé náà jáde nínú àpótí, inú fìlà bàbá wa ni wọ́n wé e sí. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Òkèlè kan ló kù nínú abọ́, àbúrò na ọwọ́, ìwé sì já síbẹ̀. Òwú àti gúùmù gbígbẹ nìkan ló kù. Mo yí ìwé náà padà, mo gbọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ojú ìwé á já bọ́. Kí wá ni bàbá wa ń kà fún wa láti ọjọ́ yìí? Kí n tó rí èyí rò, fóònù mi dún. Ẹni tí mo bú ti ya fọ́tò ojú ìwé tó kẹ́yìn ránṣẹ́. “Ìyá wo?” wà níbẹ̀ kedere. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi.

Ìyá wa ń wò mí láti orí ẹní. Wọ́n ní, “Ẹ̀yìn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, àbí?”

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀.

“Èmi ni mo fi dáná. Òjò ti ba igi jẹ́, ìwọ ń ké lẹ́yìn mi. Mo ṣe bí ìwé tí wọ́n ti kà tán ni. Bàbá yín dé, wọ́n rí i, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di Jímọ̀ tí èrò pé, mo ní wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín lónìí. Wọ́n kàn yọ awò ojú wọn, wọ́n ń kà á lọ.” Wọ́n tọ́ka sí ìwé náà. “Mo rò pé wọ́n ti kà á tẹ́lẹ̀ ni, pé ohun tí mo sun ni wọ́n rántí. Ṣé ohun tí mo sun nìyẹn? Ìwọ tó mọ̀wé, èwo ni òótọ́?”

Ẹ gbà mí. Bóyá bàbá wa ti ka “Ìyá wo?” kí ó tó jóná, tí wọ́n wá gbé e pa mọ́ fún wa, bóyá wọn ò sì mọ̀ ọ́n rárá, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi mọ́. Ìyá mi fa àpótí tí bàbá wa máa ń jókòó lé sún mọ́ mi. Wọ́n ní, “Kà á sí mi létí.”

Mo jókòó sórí àpótí, mo fi awò tí mo fi ń ránṣọ sójú, mo gbé ìwé. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú ìwé tó kẹ́yìn ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ń kà á bọ̀ títí mo fi dé ibi tó já sí. Mo wo fóònù náà. Mo wo ìyá mi, àwọn náà ń wò mí, wọn ò mójú kúrò.

Mo yọ awò ojú mi.

Wọ́n rí mi, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Mo ń sọ ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n gba òkèlè, ó pọn àbúrò rẹ̀, ó gbé e jáde, títí tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹ wọlé, oúnjẹ yín wà lábẹ́ ọmọrí.” Ìyá mi fọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ń wá ibi tí ọmọrí abọ́ náà wà.